Ẹgbẹ́ Olórin Tí A Ti Jẹ Sàráà Rẹ̀

Ẹjọ́ kan já lu ààfin Ọlọ́pẹ ti Òkè-Ọ̀pẹ lánàá, lọ́nà Èsìẹ́ níbí, Lawrence Ọláìyá sì ti ń fọ́nnu láti ẹnu géètì. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ tó rà nígbà tí ìjọba pín owó Údójì fún òṣìṣẹ́ ló wọ̀, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ àti ihò ti kọ ara wọn sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó gbé àwo orin kékeré kan tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹjọ́ wo ló wà níbẹ̀?" ó bi Jòhánù. "Kí Kábíyèsí ṣáà ti gbọ́ orin yìí lẹ́ẹ̀kan. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó. Ìjòyè tí kò bá fò dìde lórí àga, arọ ni!"

Jòhánù ń wo ihò bọ́tìnnì náà. Òun ló ń ta gìtá oníbáàsì nínú ẹgbẹ́ náà nígbà kan rí. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe báyìí. Lawrence náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé eré Sátidé ló wà nínú ewu. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Òrò ti pe ẹgbẹ́ Lawrence, Àwọn Ààrá Ìgbómìnà, wá ṣeré, ìpè àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ. Bí ọba bá ní kí wọ́n má lọ, ó parí nìyẹn.

Wọ́n wọlé láàárín èrò, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Àlùfáà Salaudeen ti wà ní ìjókòó, tẹ̀súbà lọ́wọ́, ìbínú lójú.

"Àlùfáà, kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, wọ́n jí dìde."

"Àwọn wo?"

"Àwọn Ààrá Ìgbómìnà. Òkú ni wọ́n. Lẹ́yìnkùlé mi ni mo sin wọ́n sí, lọ́dún 1979. Bùkárì tó ń lu ìlù fún wọn ló wá fẹ́ Jàrátù ọmọ mi. Mo ní n kò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń na páànù tẹ̀lé àwọn tó ń ké bí ẹni iná jó. Mo ní kí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ kú. Wọ́n ní ó ti kú. Mo ní n ó rí òkú rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun wé gìtá wá, a gbẹ́ ilẹ̀, a sin ín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo ṣe fìdáù. Mo pa àgbò. Gbogbo ìlú jẹ wàínà. Kábíyèsí pàápàá jẹ ẹsẹ̀ àgbò."

"Ẹsẹ̀ ọ̀hún le díẹ̀," ni Kábíyèsí wí.

"Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣí rédíò kí n gbọ́ wáàsí. Ta ni mo gbọ́? Òkú mi! Ó ń kọrin! Kábíyèsí, ẹ bi Lawrence yìí ohun tó pe orúkọ orin náà."

Lawrence wúkọ́. "'A Ò Tíì Kú' ni, Kábíyèsí."

"Ẹ gbọ́ fúnra yín! Àkúdàáyà ni wọ́n! Mo fẹ́ kí wọ́n padà sínú ilẹ̀ kó tó di Sátidé."

Àwọn ìjòyè mi orí. Lawrence dìde, ó na ọwọ́ bí ẹni tó wà lórí pèpéle.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí! Orin ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ṣé ẹ ò rántí wa ni? Gìtá oníná pẹ̀lú ohùn mẹ́ta tó dùn bí oyin! Nígbà tí owó epo ń ṣàn, àwọn ọmọge ń dákú níbi eré wa ní Ìgbàjà!"

"Ooru ni," ni Jòhánù sọ lábẹ́ ahọ́n.

"Lásìkò ọ̀wọ́n Sáàpù yìí, ta ló tún ń rí okùn gìtá rà? Okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ la fi sí i. Síbẹ̀ ó dùn! Ẹ jẹ́ kí orin náà jẹ́rìí ara rẹ̀."

Kò síná láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Wọ́n bá gbé gírámafóònù àtijọ́ jáde, èyí tí bàbá Kábíyèsí fi sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó ti rẹ ẹ̀rọ náà nínú. Olóyè Ògúntúndé yí i títí òógùn fi bò ó, abẹ́rẹ́ bá bọ́ sórí àwo.

"Aaaaa... òòòòò... tííííì... kúúúúú..."

Ohùn náà wúwo, ó ń wọ́lẹ̀, bí ohùn ẹni tí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sí lẹ́nu. Ìjòyè mẹ́ta fò dìde lórí àga lóòótọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbà lọ.

"Aúsùbílàhì!" ni Àlùfáà ké. "Ẹ gbọ́ ohùn inú sàréè!"

Lawrence rí i pé Sátidé ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Kábíyèsí, a ò kú rí! Ohun tí Àlùfáà sin, kì í ṣe gìtá!"



"Kí ni mo sin?" ni Àlùfáà bèèrè.

"Pákó ni, Bàbá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni gìtá wà látọjọ́ yìí. Gìtá tí mo fi gbogbo owó Údójì mi rà, kí n wá tì í sínú ilẹ̀ nítorí kí ẹlòmíràn lè níyàwó?"

Àlùfáà jókòó pẹ̀ẹ́. "Mo ṣe fìdáù fún pákó. Mo bẹ Ọlọ́run kó fẹ sàréè pákó lójú."

"Ìwọ káfíńtà," ni Kábíyèsí ké sí Jòhánù, "irú pákó wo ni?"

"Irọ́ ni, Kábíyèsí. Kì í ṣe pákó. Ṣé èmi ni n ó wá fi pákó ṣòfò? Ọmọ odó ni. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé Ìyá Fulera la ti gbé e."

Lawrence tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Ìyá Fulera, tó dín wàínà ọjọ́ náà, ti ń fi ìgbúnwọ́ la èrò bọ̀ látẹ̀yìn.

"Ọmọ odó tèmi? Èyí tí wọ́n fi igi ayán gbẹ́? Háà! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń pe Àyìsátù orógùn mi ní olè! Àyìsátù kẹ́rù, ó bá tirẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀!"

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni Lawrence wí.

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, àkúdàáyà! Mo sunkún níbi ìsìnkú yẹn títí ojú mi fi wú! Àṣé ọmọ odó mi ni mo ń ṣọ̀fọ̀!"

Kábíyèsí yíjú sí Bùkárì, tó fara pamọ́ sẹ́yìn òpó. "Ìwọ ọkọ ìyàwó, kí lo rí tí wọ́n sin?"

"N ò rí nǹkan kan, Kábíyèsí. Omijé bò mí lójú."

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Wọ́n ní bí n kò bá sunkún, n kò ní rí Jàrátù gbé sílé."

Kábíyèsí da agbádá sí èjìká, ó pa ojú dé. Gbogbo wọn rò pé ó ti sùn. Ó la ojú.

"Ẹni tí a kò sin kò tíì kú. Nítorí náà, Lawrence, ẹgbẹ́ yín wà láàyè."

Lawrence gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣùgbọ́n a ti jẹ àgbò rẹ̀. Èmi ò lè bi ẹsẹ̀ àgbò ọdún mẹ́jọ jáde. Àdúrà náà sì ti gòkè, ta ni yóò gun òkè lọ mú un wá? Nítorí náà, ẹ ti kú."

Lawrence sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹni tó kú tó tún wà láàyè, àkúdàáyà ni, Àlùfáà kò purọ́. Àkúdàáyà kì í sì í gbé níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ ṣeré kiri gbogbo Nàìjíríà. Ẹ lọ sí Òrò ní Sátidé. Àmọ́ bí ẹnì kan ṣoṣo bá nawọ́ sí yín pé, 'Lawrence rè é,' kí ẹ sọ gìtá sílẹ̀, kí ẹ pòórá. Àlùfáà, lọ hú ọmọ odó olódó. Lawrence àti Jòhánù ni yóò máa fi gún iyán Ìyá Fulera fún ọdún mẹ́jọ."

"Kábíyèsí, ẹ pa mí!" ni Lawrence ké. "Nítorí òkìkí ni mo ṣe padà wá! Gbogbo Ìgbómìnà ló mọ̀ mí! Kí n tó dé orí pèpéle ní Òrò ni wọn yóò ti máa pariwo orúkọ mi!"

Ibi tó ti ń yí nílẹ̀ ni obìnrin kan ti wọlé, eruku ọ̀nà lára gèlè rẹ̀. Ó ní Ọlárónkẹ́ lorúkọ òun, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó pe àwọn olórin náà ní Òrò. Ó kí Kábíyèsí tán, ó wo Lawrence láti orí dé ṣòkòtò, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ fún Àlùfáà Salaudeen.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Ẹ̀yin ni ọ̀gá Àwọn Ààrá Ìgbómìnà?"

Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀súbà kíákíá.

"Lawrence," ni Kábíyèsí wí, "dìde. O lè lọ sí Òrò láìsí ewu."

Lawrence dìde. Ó gbá eruku ṣòkòtò nù, ó sì ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ọlárónkẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò pọ̀, sà. Kò sí epo dísù tí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀. A ti fagi lé eré Sátidé láti ọjọ́ Ajé."