Bàtà Rọ́bà Lábẹ́ Aṣọ Ìkélé

Ọ̀sán àìsùn Kérésì ni, ní páríìṣì kékeré kan létí òkun ní agbègbè Mayo nílẹ̀ Òyìnbó, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Nuala ti sọ fún ọkọ rẹ̀, Malachy Tuffy, láìfepo bọyọ̀: bí kò bá lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọdún mọ́kàndínlógún kí Mísà ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ajá ni yóò jẹ ìpín rẹ̀ nínú tòlótòló. Yàrá tóóró mẹ́ta ni àpótí ìjẹ́wọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní, aṣọ ìkélé lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Malachy ti gbàgbé èwo ni ti ẹlẹ́ṣẹ̀, èwo ni ti Fáda. Ó yan ti àárín, torí pé ibẹ̀ ni àga àti hítà wà.

Ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru ni ẹnìkan kúnlẹ̀ gbì lápá òsì. Ikọ́ ló fi dá a mọ̀: Ìyá Attracta Loftus ni, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tó ń tẹ dùùrù ìjọ.

"Ẹ bùkún mi, Fáda, torí mo ti ṣẹ̀."

"Ìyá, ẹ dúró ná, èmi kọ́..."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kí orúnkún mi tó kú. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo kọ lẹ́tà kan sí Fáda ìgbà yẹn. Mi ò forúkọ sí i."

Malachy, tó ti dìde, tún jókòó.

"Lẹ́tà wo?"

"Lórí ọkùnrin akọrin kan ni. Mo ní ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ màlúù tó ki orí bọ géètì tí kò rí i yọ. Ni Fáda bá yọ ọ́ kúrò láàárín akọrin. Ó bínú lọ, kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì mọ́."

"Ọmọ màlúù!"

"Ẹ rọra, Fáda, èèyàn wà lórí ìlà."

"Àwọn kan ní ohùn náà dùn!"

"Ta ni?"

"Ìyá rẹ̀."

"Èyí tó ti di adití kí wọ́n tó bí i?"

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun ló bá mi ra sítáǹbù."

Hítà ń jó Malachy lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

"Ìyá, ẹ̀ṣẹ̀ yìí wúwo o."

"Ṣé kí n ka Rósárì méjì?"

"Rósárì kẹ̀? Ẹ ó lọ bẹ ọkùnrin náà. Ní Mísà ìrọ̀lẹ́ òní, bí wọ́n bá ń tẹ́ ère Jésù Ọmọ-ọwọ́ sínú ibùjẹ ẹran, òun nìkan ni kó dá orin kọ. Ẹsẹ mẹ́fà."

"Fáda, ẹ ṣàánú mi! Ẹ jẹ́ kí n kúkú bọ́ bàtà, kí n gun òkè Patrick bí àwọn onírònúpìwàdà nínú òjò yìí."

"Mẹ́fà ni mo wí."

"Ẹyọ kan."

"Márùn-ún!"

"Ẹyọ kan, kí gbogbo ìjọ sì máa bá a pariwo."

"Mẹ́ta! Ẹ yéé ná ìrònúpìwàdà bí ẹni ń ná àgùntàn!"

"Méjì. N óò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Malachy ti ń dúró dè láti ọdún mọ́kàndínlógún.

"Lójú gbogbo ìjọ?"

"Lójú gbogbo wọn. Fáda mẹ́rin ni mo ti jẹ́wọ́ lẹ́tà yìí fún. Gbogbo wọn ló dárí jì mí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni kò tíì gbọ́."

Malachy fi apá ẹ̀wù nu imú.

"Ó ti gbọ́, Ìyá."

"Mo mọ̀. Mo ti rí bàtà rẹ lábẹ́ aṣọ kí n tó kúnlẹ̀. Fáda wo ló ń fi bàtà rọ́bà gbé ìgbẹ́ màlúù wọ inú àpótí ìjẹ́wọ́?"

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń bá mi nájà?"

"Ẹsẹ mẹ́fà, lálẹ́ àìsùn Kérésì! Ṣé kí Ọmọ-ọwọ́ náà sá padà sọ́run ni? Méjì náà ni, gbogbo agbára mi ni n óò sì fi tẹ dùùrù. Ó yá, dìde, wá kúnlẹ̀ síbi tèmi. Fáda ló tẹ̀lé mi lórí ìlà. Ó ní bí o bá ti dárí jì mí tán, kí o bá òun fi àga òun sílẹ̀."