Ẹsẹ̀ Tí Kò Ṣẹ́ Tí Dókítà Dì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé abéèrè kì í ṣìnà? Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí dókítà tó dé ilẹ̀ wa. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ Dókítà Adérógbà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Adérógbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan kó lọ kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Dókítà Ìbíyẹmí, obìnrin àgbà kan tó ti tọ́jú aláìsàn títí irun rẹ̀ fi funfun. Lọ́jọ́ tó dé, obìnrin yìí kìlọ̀ fún un pé kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe é. Èyí tí kò bá sì yé e, kó wá bi òun. Adérógbà ní òun gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, ó gbà pé dókítà tó bá ń bèèrè nǹkan, wọ́n á ní kò mọṣẹ́.

Àgbẹ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń jẹ́ Bàbá Láṣebìkan. Orí igi obì ló ti já bọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì fi àga onítáyà gbé e lọ ya àwòrán ẹsẹ̀ náà. Kò pẹ́ tó jáde ni àna rẹ̀, Bàbá Ọlátẹ́jú, wọlé wá kí i. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti oko, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Bó ṣe bá bẹ́ẹ̀dì lófo, ó na ara rẹ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni Adérógbà bá a. Ó gbé omi àti báńdéèjì funfun tó máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì dání. Kò bèèrè nǹkan kan. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ló gbá mú, ó ń dì í. Bàbá Ọlátẹ́jú náà kò bèèrè. Nǹkan tútù náà ń tù ú lára, ó sì rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò níbẹ̀ nìyẹn. Ó kàn ń dúpẹ́ ni.

Ìgbà tó fẹ́ lọ tọ̀ ló rí i pé ẹsẹ̀ òun ti di òpó. Adérógbà ní kó má dìde, egungun rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹnu ya bàbá, ṣùgbọ́n dókítà ló mọ̀. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lóòótọ́.

Nígbà tí Bàbá Láṣebìkan fi padà dé, nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yára lọ mú àwòrán tó gbàgbé. Adérógbà rí i pé kò sí báńdéèjì lẹ́sẹ̀ ẹni yìí, ó ní àlejò nìyí. Ó tì í jáde títí dé ẹ̀yìn géètì. Bàbá ń ké pé ẹsẹ̀ òun ṣẹ́, Adérógbà ní gbogbo àlejò ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Oòrùn mú, ẹsẹ̀ wú, òógùn bo bàbá. Ọlọ́run ló ní kí Dókítà Ìbíyẹmí máa bọ̀ láti ilé. Ó dá mọ́tò dúró.

“Bàbá, kí lorúkọ yín? Kí ló ń ṣe yín?”

“Láṣebìkan ni mí, mà. Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́, dókítà kékeré ní kí n máa lọ sílé.”

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé e wọlé, tó fún un lóògùn, tó sì to egungun náà. Ká ní ó pẹ́ ni, ẹsẹ̀ ì bá lọ. Lẹ́yìn náà, nígbà tó rí ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ́ tí Adérógbà dì, ó ní kó fi àga onítáyà ti Bàbá Ọlátẹ́jú lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń gé báńdéèjì, bí kò bá sì mọ ibẹ̀, kó bèèrè.

Adérógbà kí nọ́ọ̀sì, ó kí agbálẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gba ilé ìdáná kọjá, ó gba ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, ó wá ti ilẹ̀kùn yàrá kan tó tutù nini ṣí, ó sì ti bàbá wọlé. Àwọn èèyàn sùn síbẹ̀ lọ rẹrẹ, aṣọ bò wọ́n lójú.

Bàbá Ọlátẹ́jú wò wọ́n, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá bèèrè nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

“Dókítà, ṣé mo ti kú ni?”

Kí Adérógbà tó dáhùn, bàbá ti fò sílẹ̀, ó ń sá lọ, kò-kò-kò, kò sì dúró títí báńdéèjì fi fọ́ sójú ọ̀nà oko.

Dókítà Adérógbà ti di àgbà báyìí. Kò sí ẹni tí kì í bi léèrè. Bí ìyàwó rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ tì í, á kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe é. Wọ́n ní ìyàwó máa ń bínú. Ṣùgbọ́n abéèrè kì í ṣìnà.