Kípà Tó Pọn Ọmọ Sẹ́yìn

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, lẹ́yìn Igando níbí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló pè é, tòun ti àbúrò lẹ́yìn. Lucy lorúkọ rẹ̀. Abigail àbúrò rẹ̀ ń sùn fọnfọn ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé òun wà nínú ẹjọ́.

"Ta lo pè lẹ́jọ́?" Baálẹ̀ bi í.

"Bọ̀dá Gbóyèga ni, sà." Lucy nawọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó wọ bàtà kánfáàsì funfun. "Àwọn àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ń wá bá àwa ọmọdé ṣeré bọ́ọ̀lù ní Sátidé-Sátidé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ran àdúgbò lọ́wọ́ ni, lọ́fẹ̀ẹ́."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Kípà ni wọ́n máa ń fi mí ṣe ṣáá! Ẹsẹ̀ mi ò tíì kan bọ́ọ̀lù rí. Tí mo bá sì ti dúró sẹ́nu góòlù, àwọn fúnra wọn ló ń gbá a wọlé mi!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú.

"Gbóyèga, góòlù mélòó lo gbá wọlé ọmọ yìí?"

"Méje péré ni, Baba."

"Péré!" Ìyálóde ló ké bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fi í ṣe kípà. Ó mú kó fẹ̀, ó dí ojú góòlù dáadáa. Àwọn méjì ló jọ ń ṣọ́ ọ, àbí? Mi ò kàn fẹ́ rọra gbá a ni. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ayé le."

Ọ̀tún Baálẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ tó ń pọn ọmọ lo fẹ́ kọ́ pé ayé le?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Nùrẹ́nì ló kọ́kọ́ dìde. "Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé ni Abigail ń ké."

"Irọ́ ni!" Susanna fò dìde. "Ẹ̀rín ló ń rín. Ó tún ń pàtẹ́wọ́!"

"Pàtẹ́wọ́ kẹ̀? Ọmọ tó ń sùn!"

"Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó ń ké!"

"Ó ń ké lójú oorun ni!"

"Ẹ jókòó," Baálẹ̀ ní, "kí n tó ní kẹ́ ẹ lọ pọn ara yín. Lucy, kí lo fẹ́?"

"Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá kẹ́yìn, sà. Mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan."

Baálẹ̀ wúkọ́. "Gbóyèga, o ní o wá ràn wá lọ́wọ́. Ibi tó wúwo fún ọmọ yìí ni kó o ti ràn án lọ́wọ́. Ní Sátidé, ìwọ lo máa pọn Abigail, ìwọ náà ni kípà. O ò gbọdọ̀ fò sókè bíi kípà Green Eagles, kí ọmọ má baà jí. Lucy ló máa gbá bọ́ọ̀lù."

"Baba, ẹ ṣàánú mi! Ẹnjiníà ni mo fẹ́ dà!"

"Ẹni tó fẹ́ mọ afárá kọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ọ̀já so."

"Tó bá wá tọ̀ sí mi lára ńkọ́?"

"Ayé le," Ọ̀tún dá a lóhùn.

Ìyálóde ò tiẹ̀ dúró de Sátidé. Ó tú ọ̀já lára Lucy, ó so Abigail mọ́ géńdé náà lẹ́yìn, ó ní kó ti máa mọ́ ọn lára. Ọmọ lajú, ó wo ọrùn àjèjì, ó tún sùn padà.

Lucy dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ọsàn kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ó wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó gbá a, ọsàn gba abẹ́ àga Baálẹ̀ kọjá ràì.

"Góòlù!" Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ ké e.