Ọba Kìn-ín-ní Ìrọ̀lẹ́ Orin Kérésì

Ní ibùdókọ̀ Kàbà ni Martha ti kọ́kọ́ rí Isaiah Olúbọ̀dé, ní ọdún 1953. Tíṣà ni Martha. Ó wá gba ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé rẹ̀ láti Lọ́kọ́ja. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú lọ́rì, ó wọ kóòtù tó nípọn nínú oòrùn ọ̀sán, ó sì ní kí dírẹ́bà tún tẹ fèrè ọkọ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí a wọ̀lú, bàbá," ni dírẹ́bà wí.

"Ìyẹn jẹ́ ti ọkọ̀. Èyí jẹ́ tèmi."

Dírẹ́bà tẹ fèrè. Ewúrẹ́ méjì sá. Kò sí ẹlòmíràn tó mira.

Olúbọ̀dé ti ṣe akọ̀wé ní Kàdúná, ó sì bá ẹgbẹ́ akọrin kan kọrin níbẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn ló ń dúró sí, ṣùgbọ́n kí ìròyìn náà tó dé Kàbà, òun ló ti ń darí gbogbo wọn. Kò pẹ́ tó fi ń sọ ara rẹ̀ lórúkọ: Atúmọ̀-Orin, Mọ̀dí-Ohùn, Ẹni-tí-Áńgẹ́lì-ń-Bi-Léèrè. Àwọn obìnrin akọrin fi ọ̀kan kún un nígbà tí kò sí nítòsí: Ó-jẹ-tirẹ̀-ó-jẹ-táńgẹ́lì.

Iṣẹ́ tó yàn fún ara rẹ̀ ni láti máa sọ ìtàn tó wà lẹ́yìn orin Kérésì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìtàn náà gùn, ó dùn, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ń parí sí: ẹnì kan á gbé oúnjẹ fún aṣáájú. Bí orin bá jẹ́ ti àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ó ní àgbà wọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn áńgẹ́lì, ni àwọn yòókù bá fi odidi itan àgbò dá a lọ́lá. Bó bá jẹ́ ti ibùjẹ ẹran, ó ní onílé-èrò gbé àdìyẹ wá bẹ ẹni tó ń darí orin.

"Ta ló ń darí orin ní ibùjẹ ẹran?" ni Martha bi í.

"Tíṣà, iwájú Bíbélì ni ẹ̀yin kà. Èmi mọ ẹ̀yìn orin."

"Níbo ni ẹ̀yìn orin wà, bàbá, kí èmi náà lọ kà á?"

"Kò ṣeé kà. À ń mọ̀ ọ́n ni."

Bó bá mọ sórí ìtàn ni, Martha ì bá rẹ́rìn-ín kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wọn, ní ìrọ̀lẹ́ orin Kérésì, agboolé kọ̀ọ̀kan máa ń gbé iṣu, epo àti ẹ̀wà wá síwájú pẹpẹ. Ní òwúrọ̀, wọn á pín in fún àwọn opó. Ìyá Ọmọ́yẹlé, opó tó ń gbé lẹ́yìn ilé Martha, kò rí iṣu gidi wà lóko lọ́dún 1954. Ẹ̀bùn Kérésì yẹn ló ń wò lójú títí òjò yóò fi tún rọ̀.

Nígbà tí ọdún ń sún mọ́lé, Olúbọ̀dé dìde níbi ìdánrawò orin, ó ní òun fẹ́ tú orin àwọn amòye palẹ̀.

"Ọba ni wọ́n," ó wí. "Mẹ́ta."

Ní Kàbà, níbi tí olóyè ńlá mẹ́ta ti ń jókòó tẹ̀lé ara wọn láti ayébáyé, ta ni yóò jiyàn? Àwọn àgbà mi orí. Ọba mẹ́ta yé wọn dáadáa. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ èyí tó ṣáájú.

"Ọba Kìn-ín-ní ló ń gba ẹ̀bùn," ni Olúbọ̀dé ń bá a lọ. "Ọmọ jòjòló ò jẹ iṣu. Ọba Kìn-ín-ní ló bá a kó o lọ sílé."

"Ta ni yóò wá ṣe Ọba Kìn-ín-ní?" ni Pásítọ̀ Gbádéyan béèrè. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ràn àríyànjiyàn.

Olúbọ̀dé wolẹ̀. "Ẹ má ṣe gbé mi ga jù," ó wí, ó sì ti ń fọwọ́ wọn orí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ọmọ́yẹlé wá bá Martha lẹ́yìnkùlé, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà.

"Okun o, tíṣà. Wọ́n ní ọba ni yóò jẹ tiwa lọ́dún yìí."

"Okun o, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí ọba náà."

Martha ò bá Olúbọ̀dé jiyàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀bùn nìkan ò tó. Ohùn yín ló yẹ kí ìjọ gbọ́. Ẹ ka orí kejì Mátíù fún wa látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó gbé iṣu."

"Ẹ mọ nǹkan," ni Olúbọ̀dé wí. "Ṣé kí n gbé ọwọ́ kan sókè tí mo bá ń kà á?"

"Yóò dára bẹ́ẹ̀, bàbá."

Láti ọjọ́ náà, kò ṣí Bíbélì. Ríga, ẹ̀wù ńlá àwọn Hausa, ló ń wá kiri. Ó rí ọ̀kan yá lọ́wọ́ Sùlèímánì, Mùsùlùmí oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀: ríga ńlá oníṣẹ́ ọnà, tòun ti ràwàní.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ náà dé, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Sùlèímánì fúnra rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń ṣọ́ aṣọ rẹ̀. Iṣu ga níwájú pẹpẹ. Olúbọ̀dé wọ́ ríga wọlé, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ọba kan yọ ní ẹsẹ àkọ́kọ́. Hẹ́rọ́dù ni. Olúbọ̀dé sáré kà á kọjá. Àwọn amòye dé. Ìwé ò pè wọ́n lọ́ba, kò sì sọ iye wọn. Ọba tún yọ. Hẹ́rọ́dù náà ni. Olúbọ̀dé ṣí ojú ìwé síwájú, ó ṣí i padà. Ọwọ́ tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ máa kà á lọ, bàbá," ni Martha wí láti àárín akọrin. "Ẹ ò tíì dé ibi tiyín."

Ó kà á. Àwọn amòye kúnlẹ̀ fún ọmọ náà, wọ́n fún un ní wúrà, tùràrí àti òjíá, wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Kò sí ẹni tó gba nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà ni Hẹ́rọ́dù ọba ní kí wọ́n pa àwọn ọmọdékùnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

"Bàbá," ni Ìyá Ọmọ́yẹlé wí láti ibi tí àwọn opó jókòó sí, "yàtọ̀ sí ọmọ náà, ọba kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Àwọn yòókù wà lẹ́yìn orin," ni Olúbọ̀dé wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ lọ pè wọ́n wá," ni obìnrin akọrin kan dáhùn.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Priscilla, ìyàwó Olúbọ̀dé, ti gbé agbọ̀n ńlá kan wọlé.

"Bàbá Rachel," ó wí, "mo gbọ́ tí ilé dákẹ́. Ẹ ní tí ẹ bá ti kà á tán kí n wá kó iṣu. Ṣé kí n kọ́kọ́ kó àwọn tó tóbi?"

Pásítọ̀ Gbádéyan fi ìwé orin bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ni Sùlèímánì bá na orí wọlé lójú fèrèsé. "Tíṣà Martha, ọba tó pa àwọn ọmọ yẹn, ṣé òun ló wọ ríga mi?"

"Kò sí ọba mìíràn tí wọ́n tíì kà fún wa, bàbá."

"Olúbọ̀dé, bọ́ ọ. Kérésì yín ni mo yá a fún. Mi ò yá a fún ẹni tó ń pa ọmọ ọwọ́."

Olúbọ̀dé bọ́ ríga. Ìgbàgbọ́ tó ní nínú aṣọ náà pọ̀ débi pé síńgílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gba ìkúùkù. Ó gba àárín ìjọ kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ràwàní ńkọ́?" ni Sùlèímánì bi í.

Ó tú ràwàní.

Ní òwúrọ̀, wọ́n pín iṣu fún àwọn opó. Priscilla ló fi agbọ̀n rẹ̀ ru ti Ìyá Ọmọ́yẹlé délé fún un.

Ìlú Ìsánlú ni Isaiah Olúbọ̀dé ń gbé báyìí. Ó ń gbin iṣu, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ibẹ̀, ní ìlà ẹ̀yìn.