Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Akẹ́rù àti Ẹyin Sìkírá

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi sin mí: ọjọ́ tí ẹyin fò bí ẹyẹlé ní Ìjọra Badíà. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ máa ń sọ pé mo bù mọ́ ọn. Mo bù mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí owú. Wọ́n ní obìnrin ló ń jowú. Irọ́ gbuu! Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń jẹ ọkùnrin, kó wá bi èmi tí mo máa ń dúró lójú fèrèsé ní Àmùkòkò láràárọ̀, tí mò ń wo ìyàwó mi lẹ́yìn alùpùpù ọkùnrin mìíràn.

Gàní lọkùnrin ọ̀hún ń jẹ́. Yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa nínú ilé kan náà. Ó máa ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, èmi sì ń wa tírélà ní Wharf Road. Nígbà ìjọba àwọn ṣọ́jà ni kọ̀ǹtéénà kan gúnlẹ̀ tí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì wà nínú ẹ̀, irú èyí táwọn òyìnbó fi ń rìn nínú oko, tí tayà rẹ̀ sanra bí ìkòkò. Gàní ra ọ̀kan. Kí ni kí n ṣe? Mo ra ìkejì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀: tiẹ̀ pupa, tèmi dúdú.

Sìkírá ìyàwó mi ń ta ẹyin. Badíà ló ti máa ń lọ kó o, ó sì ní láti gbé e sọdá ojú irin rélùwéè wá sí Àmùkòkò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi alùpùpù mi gbé e, bí ìdajì ló fọ́. Nígbà tí Gàní bá a gbé tiẹ̀, ẹyọ kan ò sán. Bó ṣe di pé ìyàwó mi ń jókòó sẹ́yìn Gàní láràárọ̀ nìyẹn, tó ń di aṣọ ẹ̀ mú, tí lọ́fíńdà Gàní sì ń bá a wọlé tọ̀ mí wá.

"Bàbá Ràṣídì, ẹ má bínú," Sìkírá wí. "Ti Gàní dà bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù. Tiyín ń gbọ̀n mí bí ìgbà tí wọ́n ń jọ èlùbọ́."

Tìmùtìmù kẹ̀? Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo ní iwájú alùpùpù ló ni ọ̀ràn yìí. Irin onísípíríngì tó gbé tayà iwájú dúró, tí à ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, òun ló máa ń gba kòtò sára kó má bàa dé ìdí ẹni tó jókòó. Mo ní ti Gàní ní láti dáa ju tèmi lọ. Nígbà tó lọ kírun Jímọ̀, mo dojú bolẹ̀ lábẹ́ alùpùpù ẹ̀, mò ń fìka wọn ṣọ́ọ̀kì bíi télọ̀. Bí tiẹ̀ ṣe gùn ni tèmi gùn. Owú ò jẹ́ kí n gbà.

Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tú òkú ọkọ̀ tà, mo ra ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ akẹ́rù kan. Wẹ́dà tó máa bá mi jó o mọ́ ọn wò mí títí.

"Baba, dis one big pass your machine o."

"Ìwọ ṣáà jó o!"

Nígbà tó parí, iwájú alùpùpù mi nà sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé lórí igi. Iná rẹ̀ kọjú sí ọ̀run bí ẹni tó ń wá oṣù Ràmàdáàn. Lójú tèmi, ó rẹwà.

Lọ́jọ́ kejì, Sìkírá yí i ká, ó ń wò ó. Ìyá oníkéèkì kan, oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù, ń retí ẹyin láàárọ̀ yẹn.

"Tó bá wá fọ́ ńkọ́?"

"Tó bá fọ́, máa bá Gàní rìn títí ayé. Mi ò ní yọjú ní fèrèsé mọ́."

Ẹ wo ẹnu mi!

A dé Badíà, a kó ẹyin jọ sórí irin ìgbẹ́rù iwájú, a sì kọrí sílé. Bí tayà ṣe kan ojú irin rélùwéè báyìí, ṣọ́ọ̀kì tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ gbé símẹ́ńtì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí òun. Ó ta wá dànù! Ẹyin gbéra. Ẹ gbà mí gbọ́ o, wọ́n dúró lójú sánmà díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ibi tóun máa bà sí. Òmíràn bà lé mi lórí, òmíràn bà lé ewúrẹ́. Ọ̀kan já sápò gbáríyẹ̀ bàbá kan tó ń kọjá, kò sì sán. Bàbá náà yọ ọ́ wò, ó ní, "Alihamudulilai," ó bá tiẹ̀ lọ.

"Oga driver, bread no dey?" ọmọkùnrin kan kígbe. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ojú irin bú sẹ́rìn-ín.

Sìkírá jókòó sílẹ̀, ẹyin ń ṣàn látorí gèlè ẹ̀ bọ̀ ní imú. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn. Ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ràṣídì."

Ta ló sì tún dé lásìkò yẹn? Gàní, lórí pupa ẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ tayà mi. Kò wọlé rárá. "Háà! Ta ló fún tayà yìí lófẹ́ẹ́fẹ́?"

"Èmi ni mo ní kí fọkanáísà fún un. Mo ní kó le bíi ti tírélà mi."

"Tírélà kẹ̀, ẹ̀gbọ́n! Ẹ tẹ tèmi wò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò mi rì sínú ẹ̀ bí ẹni tẹ búrẹ́dì gbígbóná.

"Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń jẹ. Tayà ẹ̀ gan-an ni tìmùtìmù ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tèmi, ọ̀kan ti ń jò látọjọ́ tó ti pẹ́."

Gàní kó ẹyin tó kù, Sìkírá gun ẹ̀yìn ẹ̀ nítorí ìyá oníkéèkì, wọ́n lọ. Mo ṣí ẹnu tayà, afẹ́fẹ́ ń jáde, ó ń ṣe ṣíọ̀ọ̀, àfi bí ẹni tó ń yọ ṣùtì sí mi. Eṣinṣin Badíà ló sìn mí délé.

Mo dá ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ padà. Sìkírá náà padà sẹ́yìn mi, àmọ́ kò tètè ṣe é. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n máa dá gbé ẹyin ná, kó lè mọ̀ bóyá mo ti gbọ́n.

Mo ti gbọ́n díẹ̀. Owú ní kí n dojú bolẹ̀ lábẹ́ alùpùpù alálùpùpù, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì tẹ tayà ara mi wò rí. Títí dòní, tí mo bá ti ń wú fùkẹ̀ nílé, tí mò ń béèrè ta ló ń kí ìyàwó mi lọ́nà, Sìkírá tó ti di ìyá arúgbó báyìí á wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí níkùn: "Bàbá Ràṣídì, ó le jù. Ẹ tú díẹ̀ sílẹ̀." Ẹ̀rín á sì máa yọ́ jáde lẹ́nu mi, ṣíọ̀ọ̀, bí afẹ́fẹ́ tayà ọjọ́sí.