Ẹ Fẹ Afárá Lójú, Ọkọ̀ Ọmọ Baálẹ̀ Ti Yasẹ̀

Kéń! Kéń-kéń! Kéń!

Bí agogo Bàbá Láṣebìkan, akéde ìlú Ìgbẹ̀yìn-Odò, ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ìyá mi. Ìrì ò ní tíì gbẹ lórí ewé kókò. Ajá á gbó, adìyẹ á sá, àwa ọmọdé á sáré jáde tòun ti ipin lójú. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fóònù pè mí sọ láti ilé, níbi tí mo wà lẹ́yìn odi yìí, ọ̀rọ̀ akéde ni. Ẹ jẹ́ kí n yá ohùn rẹ̀ lò.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ọmọ Ìgbẹ̀yìn-Odò, ẹ gbọ́ o! Onílé, gbọ́! Àlejò, gbọ́! Ẹni tó wà ní balùwẹ̀, fi ọṣẹ sílẹ̀ kó o gbọ́!

Baálẹ̀ ní kí n kí yín. Baálẹ̀ ní kí n sọ fún yín pé ọkọ̀ ìlú ti yasẹ̀!

Ọkọ̀ wo? Pikọ́ọ̀pù funfun tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi rà, pé kó máa gbé aláìsàn àti aboyún kọjá odò Alámọ̀ lọ sí ọsibítù ni. Ọmọtádé, ọmọ Baálẹ̀, ló ń wà á. Ọmọtádé wò ó títí, ó ní ó dúró bí ọkọ̀ tíṣà. Ó bọ́ táyà tó bá ọkọ̀ wáyé sílẹ̀, ó ra táyà mìíràn àti àlọ́ì tuntun, irin àárín táyà tó ń dán bí abọ́ ìyàwó. Ìyẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yasẹ̀ bí ọkùnrin, àfi kí òun fi sípésà sí i. Irin róbótó ni sípésà, tí wọ́n ń kì bọ àárín táyà àti ìdí rẹ̀ kí táyà lè yọ síta.

Ẹ gbọ́ bó ṣe yàn án o! Ẹ gbọ́ bó ṣe yàn án! Ó wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mùtíù tó ń ta páàtì mọ́tò. Bàbá Mùtíù bi í pé, báwo ni ihò àárín rẹ̀ yóò ṣe tóbi sí, ṣé yóò dì mọ́ ìdí táyà àbí yóò máa mì? Ọmọtádé ní, "Bàbá mi ni Baálẹ̀." Bàbá Mùtíù ní, "Mo gbọ́, ọmọ Baálẹ̀. Bóòtù ńkọ́? Ṣé ó gùn tó kí nọ́ọ̀tì tó ń di táyà mú lè jẹ ẹ́ délẹ̀?" Ọmọtádé ní, "Èyí tó nípọn jù ni kí ẹ gbé wá." Bàbá Mùtíù gbé e wá. Ó nípọn bí ọṣẹ ìfọṣọ!

Ọkọ̀ sì yasẹ̀ lóòótọ́! Ó yasẹ̀ gbàgà, bí ẹni tí eéwo mú lábẹ́ itan!

Wàyí o. Gbogbo yín lẹ mọ afárá Alámọ̀. Ilà sìmẹ́ńtì méjì ni, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún táyà òsì, odò ń wò yín láàárín. Àwọn tó kọ́ ọ wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ gidi kí wọ́n tó dà á. Ọjọ́ tí Ọmọtádé gbé Bàbá Kápíńtà tí ikọ́ dá dùbúlẹ̀ dé ibẹ̀, ìdajì táyà wà lórí sìmẹ́ńtì, ìdajì wà lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọn bàbá náà kọjá. Ó ń húkọ́, ó ń ṣépè, ó tún ń húkọ́.

Ẹni tó ní làákàyè yóò ní kí wọ́n yọ irin. Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jẹ obì, wọ́n ní afárá ló jẹ̀bi! Ẹ gbọ́ àṣẹ o!

Èkínní: Afárá gbọ́dọ̀ fẹ̀! Kí gbogbo ilé gbé òkúta wá. Ẹni tí kò bá gbé òkúta wá, òun gan-an ni wọn yóò tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ afárá kí táyà gùn ún kọjá!

Èkejì: Gbogbo ilé tó wà lọ́nà ọjà, ẹ sún sẹ́yìn! Ilé tí kò bá lè sún, kó fa ikùn mọ́nú bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Ilé Ìyá Sàbáínà tí ọkọ̀ ti ha lára, kó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ táyà.

Ẹ̀kẹta: Táyà ti yọ kọjá mọ́gáàdì, ẹrẹ̀ yóò máa ta sí yín láṣọ. Ẹ ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́! Ẹrẹ̀ ilé Baálẹ̀ ni. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ yóò mú ewúrẹ́ wá.

Ẹ̀kẹrin: Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé òun gbọ́ ariwo nídìí táyà. Bíárìn ò ké! Sítíárì ò gbọ̀n! Nọ́ọ̀tì tí wọ́n he lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ti ọkọ̀ náà. Ọ̀run ló ti já bọ́!

Ẹ̀karùn-ún! Mo tún un sọ, ẹ̀karùn-ún! Títí afárá yóò fi fẹ̀, aboyún kankan ò gbọdọ̀ rọbí! Èyí tó bá ti ń rọbí, kó dá a dúró! Ọmọ tó bá fipá jáde, yóò san ìtanràn kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ!

Adépéjú, ọmọ Fẹ̀hìntọ́lá àbúrò mi, ìwọ ni àṣẹ karùn-ún ń bá wí o! Oyún rẹ ti wọ oṣù rẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí rẹ, dókítà sì ti kìlọ̀ pé o ò gbọdọ̀ bí èyí nílé. Ìyá rẹ lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀, wọ́n ní kó ní sùúrù, òkúta ń bọ̀. Ìwọ náà lọ bá ọmọ Baálẹ̀, o ní, "Bùọ̀dá Tádé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè yọ ọ́ fún ọjọ́ kan péré?" Ó ní, "Tí mo bá yọ ọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa dá mi mọ̀ lọ́nà?"

Ẹ gbọ́ o! Ẹ tún un gbọ́ o! Wọn ò ní dá a mọ̀ lọ́nà!

Ẹnu akéde ni mo fi sọ ọ́, inú tèmi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó gbọ́ kó sọ fún ẹni tó sùn. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kó rọra, kó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tán lẹ́nu mi o!

Ó pẹ́ tí mo ti ń bú Ọmọtádé nínú ọkàn mi kí n tó kọ̀wé sí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ọmọtádé, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Yọ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dá táyà ti tẹ́lẹ̀ padà, kó o sì dì í dáadáa. Gbé Adépéjú kọjá odò lónìí, kó lọ dúró ti dókítà. Bí ọmọ bá ti ké, o lè dá irin rẹ padà. N ò ní sọ̀rọ̀. Ojú mi ò tó ilé mọ́."