Ajá Ló Wa Ọkọ̀-Ilé Orville

Wọ́n ní ajá ló wà á. Wọ́n ní Bó, ajá dúdú onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí Orville Tollefson ń sìn, ló jókòó sídìí sítíárìn, tó wa ọkọ̀-ilé tuntun la àdúgbò wa kọjá, tó sì dorí kọ ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ajá ti wọ awò oòrùn, ó sì ti ń juwọ́ sí àwọn ọmọdé. Minnesota nìyí; bí òjò ò bá rọ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa fi bomi rin oko.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, nínú oṣù kẹfà. Ọkọ̀-ilé náà, tòun ti ibùsùn, ààrò àti ilé ìwẹ̀ inú rẹ̀, kọ imú sí ilé, ó kọ̀dí sí títì. Orville wà nídìí sítíárìn. Lavonne, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́yìn ọkọ̀ láti máa júwe fún un, Bó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Orville yọ orí lójú fèrèsé. "Lavonne, fetí sílẹ̀, n ò ní tún un sọ. Kò sí fídíò rìfáàsì tí n ò tíì wò láyé yìí. Iṣẹ́ tìẹ ò ju kí o máa sọ ohun tí o bá rí."

"Àwọn Gustafson ni mo rí. Wọ́n ti gbé àga jáde sódìkejì títì. Wọ́n gbé kọfí dání."

"Kí ni wọ́n ń wò?"

"Ìwọ."

"Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwakọ̀, kó fara balẹ̀ wò ó."

"Wọ́n fara balẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Kọfí wọn tutù."

"Atẹ́gùn ló ń fẹ́ ní Sátidé tó kọjá!"

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Orúnkún mi ni."

"Ṣé inú orúnkún náà ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni?"

"Ọkọ̀ yìí wúwo, Lavonne! Kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń tì kiri."

"Ọkọ tí mò ń tì kiri látọjọ́ ìgbéyàwó wúwo jù ú lọ."

"Ọkọ̀ wo lo tì rí?"

"Má jẹ́ kí ohùn rẹ wálẹ̀ níparí, wàá dá a mọ̀."

Orville ronú sí i. Kò dá a mọ̀.

"Mo wí tèmi níwájú Ọlọ́run àti níwájú àwọn Gustafson," ó ní. "Bí ọkọ̀ yìí bá fara kan nǹkan kan lónìí, mo máa tà á, ká padà sí adágún wa."

Adágún! Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ̀ẹ̀rùn kì í dé kí Orville má gbé Lavonne lọ sí adágún kan náà, inú ahéré kan náà, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tó ń rùn bí ẹja. Kò tíì fojú kan òkun rí láyé. Orville sì ti ṣèlérí pé lọ́dún tóun bá fẹ̀yìntì, àwọn máa wakọ̀ títí dé òkun Oregon níwọ̀-oòrùn. Ó ti fẹ̀yìntì. Ọkọ̀ ló ku kó jáde nílé.

"Kò ní kan nǹkan kan," Lavonne ní. "Máa bọ̀."

Orville ti fèrèsé pa.

"Kí lo ń ti fèrèsé sí?"

"Ẹ̀fọn!"

"Báwo lo ṣe fẹ́ gbọ́ mi?"

"Etí mi ò ní àbùkù!"

Irọ́ ni. Etí Orville ti fẹ̀yìntì ṣáájú òun alára.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. "Máa bọ̀," Lavonne ń pariwo. "Máa bọ̀... òsì! Òsì!"

Ọkọ̀ dúró gbì. Fèrèsé ṣí díẹ̀. "Kí lo pè mí?"

"Òsì ni mo wí."

"Èmi ni òṣì?"

"Ọwọ́ òsì, Orville! Ọwọ́!"

"Òsì ti ta?"

"Tìẹ!"

"Òṣì tèmi? Níṣojú àwọn Gustafson?"

"Ọwọ́ tí òrùka ìgbéyàwó wà! Èmi náà ní ọ̀kan níbẹ̀, ó ti ń fún mi lọ́wọ́."

Orville wo ìka rẹ̀. "Béèyàn bá ń rìn sẹ́yìn, òsì rẹ̀ kì í ṣe òsì mọ́. Ó wà nínú fídíò."

"Kí ló wá dà?"

"Ọ̀tún."

"Kí ni ọ̀tún wá dà?"

"Òsì."

"Kí nìwọ wá dà?"

"Onímọ̀," ni Orville wí, ó sì ti fèrèsé pa.

Ìgbà náà ni Bó rí ọ̀kẹ́rẹ́ kan. Ó fò kúrò lẹ́sẹ̀ Lavonne, ó forí lé títì.

"Bó!" Lavonne figbe ta. "Bó, bọ̀! Bọ̀, Bó! Bó, bọ̀, bọ̀!"

Lẹ́yìn gíláàsì, ohun tí Orville gbọ́ ni bọ̀, bọ̀, bọ̀, bọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Obìnrin yìí ti wá mọ iṣẹ́ báyìí! Ó tẹná mọ́ ọn.

"Dúró!" Lavonne ké. "Dúró!"

Bó dúró ṣánṣán létí títì, bí ọmọ dáadáa. Orville ò dúró. Ọkọ̀-ilé fi ìdí gbá àpótí lẹ́tà tó dúró lórí òpó lẹ́nu ọ̀nà, àpótí náà sì dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà.

Orville ṣí fèrèsé. "Kí ni mo gbá?"

"Àpótí lẹ́tà ni! Mo ní kí o dúró!"

"Mo rò pé ajá lò ń bá wí!"

"Nígbà tí mo ní bọ̀ ńkọ́?"

"Mo rò pé èmi ni!"

"Ajá ni nígbà yẹn! Ìwọ ni 'dúró'!"

"Ajá ló wá dúró?"

"Òun ló ń gbọ́ràn nínú ẹ̀yin méjèèjì!"

Orville sọ̀kalẹ̀. Ó wo àpótí tó dùbúlẹ̀, ó mi orí, ṣùgbọ́n Lavonne rí ojú rẹ̀. Ojú ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kíláàsì ò sí lónìí ni.

"Ó kan nǹkan," ó ní. "Adágún yá."

"Orville, ṣé ẹ̀rù ọkọ̀ yìí ń bà ẹ́ ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi tí mo wo gbogbo fídíò!"

"Bí rìfáàsì bá kọ̀, wo iwájú rẹ. Àyè ti ṣí láàárín ọkọ̀ àti ilé. Yí i gba orí koríko, kí o bọ́ sí títì."

Orville gbá àyà mú bí ẹni pé Lavonne ní kó fi táyà tẹ ìyá rẹ̀. "Orí koríko mi?"

Koríko yẹn! Orville ń fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bó pàápàá, tí kì í bojú wo ibi tó ń tọ̀ sí, kì í tọ̀ síbẹ̀.

"Koríko ni, Orville. Ó máa tún hù."

"Àwọn Gustafson ń wò!"

"Kí wọ́n bu kọfí sí i."

Ni Lavonne bá gun ọkọ̀, ó bọ́ sídìí sítíárìn. Bó tẹ̀ lé e.

"Sọ̀kalẹ̀, Lavonne! O ò tíì wo fídíò kankan!"

"Òkun ni mo fẹ́ wò." Ó ti fèrèsé pa. "Ẹ̀fọn!"

Ọkọ̀-ilé ṣí, ó yíjú, ó sì wọ inú koríko wọ̀ọ̀. Orville ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń na apá. "Ọ̀tún! Lavonne, ọ̀tún!"

Fèrèsé ṣí. "Kí n tún un?"

"Ọ̀tún!"

"Ó dáa, mo gbọ́." Lavonne sì yí koríko ká lẹ́ẹ̀kejì, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀.

Ó bọ́ sí títì, ó ṣílẹ̀kùn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Orville, mò ń lọ wo òkun. Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀ tí mo bá rí i. Ṣé o ń bọ̀, àbí koríko lo fẹ́ dúró tì?"

Orville wo ipa táyà. Ó wo àwọn Gustafson, tí wọ́n ti dìde dúró tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó wọlé.

"Ibo ni n máa jókòó?"

"Ibi tó bá wù ẹ́, àfi ìdí sítíárìn."

Orville lọ tààrà sórí ibùsùn tó wà lẹ́yìn, ó fi ìrọ̀rí bojú. "Rọra tẹ̀ ẹ́ o!"

"Ajá ni àbí èmi?"

Báyìí ni wọ́n ṣe la ìsàlẹ̀ títì kọjá. Àwọn tó wà níta níbẹ̀ wo ojú gíláàsì iwájú, wọn ò rí Orville, wọn ò rí Lavonne. Orí Bó nìkan ni wọ́n rí lókè sítíárìn, ahọ́n síta. Ẹ̀yìn àga ni Bó dúró sí, ó gbé àgbọ̀n lé ẹni tó ń wakọ̀ lórí.

Lavonne kúrú ni.